Alágbára Tó Ṣeé Fọkàn Tán: Gbígba Ọmọ Síṣẹ́ Ológun àti Ìgbẹ́kẹ̀lé Ará Ìlú nínú Sójà Nàìjíríà



Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá ọdún 2023, àwọn mùsùlùmí abúlé Tudun Biri, ní ìjọba ìbílẹ̀ Igabi, ìpínlẹ̀ Kàdúná, péjọ láti ṣe Máólúdì. Àgbàlagbà wà níbẹ̀, ìyá ọlọ́mọ wà níbẹ̀, àwọn ọmọdé náà wà níbẹ̀. Bọ́ǹbù já lù wọ́n láti inú ọkọ̀ òfurufú tí kò ní awakọ̀. Àwọn tó yè é sọ pé bí àwọn èèyàn ṣe sáré wá gbé àwọn tó fara pa ni bọ́ǹbù kejì tún dé. Àjọ NEMA, tó ń rí sí ọ̀rọ̀ pàjáwìrì, kéde pé òkú 85 ni wọ́n ti sin. Kì í ṣe agbésùnmọ̀mí ló ju bọ́ǹbù náà. Sójà orílẹ̀-èdè wa ni. Wọ́n ní àwọn rò pé agbébọn ni àwọn rí. Ọ̀gá àgbà àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀ nígbà náà, Taoreed Lagbaja, ọmọ Ìlobùú ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, lọ sí abúlé náà fúnra rẹ̀ láti tọrọ àforíjì.

Bí irú ìròyìn báyìí bá jáde, ìbéèrè méjì ló máa ń wà lẹ́nu àwọn èèyàn wa. Èkíní: àwọn wo là ń gbé ìbọn lé lọ́wọ́? Èkejì: ṣé a tún lè fọkàn tán wọn? Ìbéèrè kẹta wà tí òbí máa ń bi àáfáà rẹ̀ ní kọ̀rọ̀ lẹ́yìn ìrun jímọ̀ọ̀: “Àáfáà, ọmọ mi ní sójà lòun fẹ́ ṣe. Ṣé kí n jẹ́ kó lọ?” Ìdáhùn ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta so kọ́ra. Irú ẹni tí a bá gbà wọlé lẹ́nu ọ̀nà ni irú ẹni tí a óò bá lójú ogun. Àwọn tó sì ń tò sẹ́nu ọ̀nà yẹn, ọmọ inú ilé wa ni wọ́n.

OHUN MÉJÌ TÍ ẸNI TÍ A Ó GBÀ SÍṢẸ́ GBỌ́DỌ̀ NÍ

Nínú Sūratul-Qasas, āyah 26, Ọlọ́hun sọ ìtàn Ànábì Mūsā fún wa, nígbà tó sá dé ìlú Madyan. Ó ti bá àwọn ọmọbìnrin méjì kan fún ẹran wọn lómi. Ọ̀kan nínú wọn wá gba bàbá rẹ̀ níyànjú pé kó gba ọkùnrin náà síṣẹ́, ìdí méjì ló sì sọ: ọkùnrin náà lágbára, ó sì ṣeé fọkàn tán. Al-qawiyy ni Lárúbáwá ń pe ẹni àkọ́kọ́, al-amīn ni èkejì. Ibn Taymiyyah, nínú ìwé rẹ̀ As-Siyāsatush-Shar‘iyyah, gbé ọ̀rọ̀ yíyan èèyàn síṣẹ́ ìlú ka orí nǹkan méjèèjì yìí. Ó ṣàlàyé pé agbára iṣẹ́ kan yàtọ̀ sí ti òmíràn. Agbára adájọ́ wà nínú ìmọ̀ rẹ̀ nípa ìdájọ́ òdodo. Agbára ológun wà nínú ìgboyà ọkàn àti ìmọ̀ rẹ̀ nípa ogun jíjà.

Ànábì wa Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) fi òṣùwọ̀n yìí ṣiṣẹ́. Nígbà tí wọ́n ń lọ sí ogun Uhud, ó yẹ àwọn tó fẹ́ bá wọn lọ wò. Abdullāh ọmọ Umar jẹ́ ọmọ ọdún 14 lọ́jọ́ náà. Ànábì dá a padà sílé. Nígbà tó di ogun Khandaq tó ti pé ọdún 15, ó gbà á. Bukhārī àti Muslim ló gba hadīsi náà wá. Àwọn onítàn tún sọ nípa ọ̀dọ́mọdé méjì, Rāfi‘ ọmọ Khadīj àti Samurah ọmọ Jundub. Wọ́n gba Rāfi‘ nítorí pé ó mọ ọfà ta. Samurah ní òun lè dá Rāfi‘ bí àwọn bá wọ ìjàkadì. Wọ́n jẹ́ kí wọ́n jà á, Samurah dá a, wọ́n sì gba òun náà. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí. Kò sí lẹ́tà alágbára kankan. Ìdánwò ni, ojú gbogbo èèyàn ni wọ́n sì ti ṣe é.

Ní ọ̀nà kejì, Abū Dharr, ọ̀kan nínú àwọn sàábé tí òtítọ́ wọn kò ní àbùkù, bẹ Ànábì pé kó fi òun sípò. Ànábì kò fún un. Ó sọ fún un pé kò lágbára iṣẹ́ náà, àti pé àmánà ni ipò jẹ́, àbámọ̀ ló sì máa ń dà lọ́jọ́ Àlùkìyámọ̀ fún ẹni tí kò bá ṣe é bó ti yẹ. Bẹ́ẹ̀ náà, Ànábì fi Usāmah ọmọ Zayd ṣe olórí ogun nígbà tí kò tíì ju nǹkan bí ọmọ ogún ọdún lọ, àwọn sàábé ńlá sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé ìwà rere nìkan kò tó fún iṣẹ́ ogun, bẹ́ẹ̀ sì ni ọjọ́ orí tàbí orúkọ ìdílé kò tó. Agbára àti àmánà gbọ́dọ̀ pàdé lára ẹnì kan náà.

BÍ ÌGBẸ́KẸ̀LÉ ṢE DÉ IBI TÓ DÉ

Àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀ Nàìjíríà máa ń ka ìbẹ̀rẹ̀ wọn láti ọdún 1863, nígbà tí Glover, òyìnbó tó ń ṣàkóso Èkó, kó àwọn ọkùnrin Haúsá jọ láti fi ṣe ẹ̀ṣọ́. Lẹ́yìn náà ni àwọn òyìnbó dá ẹgbẹ́ ọmọ ogun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀, tí Lugard darí. Iṣẹ́ tí wọ́n rán sójà ayé ìgbà náà ni kó fi ipá mú ìlú sábẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì. Kì í ṣe ará ìlú ló gbà á síṣẹ́, kì í sì í ṣe ará ìlú ló ń jíhìn fún. Ìbẹ̀rù sójà tó wà lára àwọn bàbá wa, ibẹ̀ ló ti ṣẹ̀. Síbẹ̀, nígbà ogun Hítílà, àwọn ọmọ Nàìjíríà lọ jà ní Bọ́mà lábẹ́ ìsọ̀rí ogun 81 àti 82, wọ́n sì fakọ yọ.

Lẹ́yìn òmìnira, sójà Nàìjíríà lọ pẹ̀tù sí aáwọ̀ ní Kóńgò ní 1960, orúkọ rere ni wọ́n sì mú bọ̀. Ọjọ́ 15 oṣù Kìíní 1966 ni nǹkan yí padà, nígbà tí àwọn ọ̀gá ológun kan gbàjọba. Ní oṣù Keje ọdún náà, wọ́n tún pa olórí ìjọba, Aguiyi-Ironsi, níbi tó ti dé bá Adékúnlé Fájuyì lálejò ní Ìbàdàn, wọ́n sì pa Fájuyì pẹ̀lú rẹ̀. Títí dòní, bí Yorùbá bá ń sọ̀rọ̀ sójà tó ṣeé fọkàn tán, orúkọ Fájuyì wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ máa ń dá.

Ogun abẹ́lé bẹ̀rẹ̀ ní 1967. Àwọn ọmọ ogun tí kò ju nǹkan bí 10,000 lọ kí wàhálà tó bẹ̀rẹ̀ di nǹkan bí 250,000 nígbà tí ogun parí ní 1970. Bí a bá ń gba èèyàn pẹ̀lú irú ìyára bẹ́ẹ̀, kò sí bí àyẹ̀wò ṣe lè jinlẹ̀. Ìtàn yìí wúlò fún wa lónìí, nítorí pé gbogbo ìgbà tí ààbò bá mẹ́hẹ, ohun tí à ń gbọ́ ni pé kí ìjọba gba sójà sí i, kíákíá.

Láàrin 1966 sí 1999, sójà ṣèjọba fún nǹkan bí ọdún 29. Ìjọba ológun ló fagi lé ìdìbò ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà 1993, èyí tí Alhaji M. K. O. Abíọ́lá, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò ilẹ̀ Yorùbá, ti ń borí. Oyè olórí ogun ni oyè Kakaǹfò. Ẹni tí a fi jẹ olórí ogun ní ilẹ̀ wa, sójà orílẹ̀-èdè rẹ̀ ló gba ẹ̀tọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, àtìmọ́lé ló sì kú sí ní 1998. Ọgbẹ́ yìí kò tíì jinná lára ọ̀pọ̀ àgbàlagbà.

Ìjọba alágbádá dé, ṣùgbọ́n ọgbẹ́ tuntun kò tán. Ní 1999, sójà wó ìlú Odi ní ìpínlẹ̀ Bayelsa palẹ̀. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kìíní 2002, ohun ìjà tí wọ́n kó pamọ́ sí bárékè Ìkẹjà bú gbàmù. Ó lé ní 1,000 ẹ̀mí tó lọ, ọ̀pọ̀ wọn ni obìnrin àti ọmọdé tó ń sá lọ tí wọ́n kú sómi ní Òkè-Afá. Ní oṣù Kejìlá 2015, sójà àti àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Shí‘à kọlu ara wọn ní Zaria. Ìgbìmọ̀ ìwádìí tí ìjọba ìpínlẹ̀ Kàdúná gbé kalẹ̀ sọ pé ó lé ní 300 èèyàn tó kú. A kò fara mọ́ ìlànà ẹ̀sìn wọn, ṣùgbọ́n ẹ̀mí ni ẹ̀mí. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní 2017, ọkọ̀ òfurufú ológun ju bọ́ǹbù sí àgọ́ àwọn tí ogun lé kúrò nílé ní Rann, ìpínlẹ̀ Borno. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá 2020, ọ̀rọ̀ Lẹkí ṣẹlẹ̀ ní Èkó. Iléeṣẹ́ ológun kọ́kọ́ pe ìròyìn náà ní irọ́, wọ́n tún padà gbà pé àwọn sójà dé ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó yí padà báyìí máa ń ba ìgbẹ́kẹ̀lé jẹ́ ju ìbọn lọ, nítorí pé ẹni tó bá purọ́ fún ọ lẹ́ẹ̀kan, bó bá sọ òótọ́ lọ́la, wàá ṣì máa ṣiyè méjì.

Ṣùgbọ́n òdodo gbọ́dọ̀ dọ́gba. Láti 1990 ni sójà wa ti kú ní Làìbéríà, lẹ́yìn náà ní Sierra Leone, kí àwọn aládùúgbò wa lè sùn. Àwọn ọmọ ogun yìí ló ń dojú kọ Boko Haram láti nǹkan bí ọdún 2009. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta 2024, wọ́n pa ọ̀gá ológun àti sójà 17 ní Okuama, ìpínlẹ̀ Delta, níbi tí wọ́n ti lọ pẹ̀tù sí ìjà ilẹ̀. Gbogbo wọn ló ní ìyá àti bàbá. Ìlú tí kò fọkàn tán sójà kò ní sọ ohun tó rí fún un, sójà tí kò sì rí ìròyìn gbọ́ lọ́wọ́ ará ìlú yóò máa ju bọ́ǹbù sínú òkùnkùn. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ ìgbẹ́kẹ̀lé fi jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀mí.

BÍ WỌ́N ṢE Ń GBA ỌMỌ SÍṢẸ́ OLÓGUN

Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999, abala 217, ló sọ iṣẹ́ àwọn ológun: kí wọ́n dáàbò bo orílẹ̀-èdè lọ́wọ́ ọ̀tá ìta, kí wọ́n má jẹ́ kí ilẹ̀ wa fọ́, kí wọ́n sì ran ìjọba alágbádá lọ́wọ́ bí Ààrẹ bá pè wọ́n. Abala náà tún sọ pé àwọn ọ̀gá àti àwọn ọmọ ogun gbọ́dọ̀ wá láti gbogbo ẹ̀yà àti agbègbè. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe ń pín àyè fún ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan nígbà tí wọ́n bá ń gba èèyàn.

Ọ̀nà méjì pàtàkì ló wà láti wọ iṣẹ́ ọmọ ogun orí ilẹ̀. Ọ̀nà kìíní ni ti sójà gidi, tí à ń pè ní rìkúrúùtì. Nínú ọ̀pọ̀ ìkéde àtẹ̀yìnwá, ohun tí wọ́n ń béèrè ni pé kí ẹni náà jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, kó má tíì gbéyàwó tàbí lọ́kọ, kó ní ìlera tó péye, kó má ní ẹ̀sùn ọ̀daràn lọ́rùn, kó sì yege ó kéré tán nínú iṣẹ́ mẹ́rin ní ìdánwò WAEC, NECO, GCE tàbí NABTEB, láàárín ìjókòó méjì. Ọkùnrin gbọ́dọ̀ ga tó mítà 1.68, obìnrin mítà 1.65. Ọjọ́ orí máa ń wà láàrin 18 sí 22 fún ẹni tí kò ní iṣẹ́ ọwọ́, ó sì máa ń dé 26 fún ẹni tó ní iṣẹ́ ọwọ́ bíi mẹkáníìkì tàbí iṣẹ́ iná. Ìjọba lè yí ọjọ́ orí yìí padà láti ọdún dé ọdún, nítorí náà ìkéde ọdún tí ọmọ bá fẹ́ wọlé ni kí òbí kà dáadáa.

Lẹ́yìn ìforúkọsílẹ̀ ni àyẹ̀wò máa ń wáyé ní ìpínlẹ̀: wọ́n á wo ìwé ẹ̀rí, wọ́n á wọn gíga, wọ́n á ní kí ọmọ sáré, dókítà á sì yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn tó bá yege ni wọ́n ń lọ sí ibùdó ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Èyí tó lọ́jọ́ lórí jù ni ti Zaria, tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ ti wà láti 1924. Nǹkan bí oṣù mẹ́fà ni ẹ̀kọ́ náà máa ń gbà. Àwọn ọmọ ogun ojú omi máa ń kọ́ tiwọn ní Onne, ìpínlẹ̀ Rivers, àwọn ti òfurufú sì ní Kàdúná.

Ọ̀nà kejì ni ti àwọn tó fẹ́ di ọ̀gá ológun. Ilé ẹ̀kọ́ àgbà NDA ní Kàdúná, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1964, ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbà wọlé lẹ́yìn ìdánwò JAMB. Ọdún márùn-ún ni wọ́n ń lò níbẹ̀, wọ́n á sì gba oyè yunifásítì pẹ̀lú ipò ológun. Ọ̀nà kan tún wà fún àwọn tó ti gba oyè yunifásítì tẹ́lẹ̀: dókítà, agbẹjọ́rò, onímọ̀ ẹ̀rọ, àti àwọn tó kẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ Ìsìláàmù. Ẹ̀ka tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn Ìsìláàmù wà nínú iléeṣẹ́ ọmọ ogun orí ilẹ̀, àwọn imāmu tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ sì ní ipò ológun. Ọ̀pọ̀ ọmọ iléékéwú wa ni kò mọ èyí.

ẸNU Ọ̀NÀ TÍ ÌBÀJẸ́ Ń GBÀ WỌLÉ

Òfin tí a kà sókè yìí dára. Ibi tó ti ń bàjẹ́ kò ṣòro láti rí, ọwọ́ wa náà sì wà níbẹ̀.

Àkọ́kọ́ ni owó. Ọ̀fẹ́ ni ìforúkọsílẹ̀ iṣẹ́ sójà. Iléeṣẹ́ ológun ti kìlọ̀ lọ́pọ̀ ìgbà pé kí ẹnikẹ́ni má san kọ́bọ̀ fún ejénti. Síbẹ̀, àwọn ejénti ń jẹun, nítorí pé àwọn òbí ń sanwó. Omíràn ta ilẹ̀, omíràn gba èésú, omíràn yá owó èlé, kí ọmọ lè rọ́wọ́ mú. Nígbà mìíràn gbájú-ẹ̀ lásán ni ejénti náà, owó á sì wọgbó. Bí kò bá tiẹ̀ jẹ́ gbájú-ẹ̀, ó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ tó fi rìbá wọlé mọ̀ láti ọjọ́ kìíní pé ọjà ni àṣọ sójà, yóò sì máa wá ọ̀nà tí owó òun yóò fi padà. Lójú ọ̀nà tí wọ́n ti ń dá mọ́tò dúró ló ti máa wá a. Ànábì ti sọ pé ègún Ọlọ́hun ń bẹ lórí ẹni tó fúnni ní rìbá àti ẹni tó gbà á. Kò yọ òbí tó ń wá iṣẹ́ fún ọmọ sílẹ̀.

Èkejì ni irọ́ nínú ìwé. Ẹni ọdún 27 á gba ìwé ìbúra kóòtù pé ọdún 21 lòun. Ọmọ Ọ̀yọ́ á gba ìwé ìbílẹ̀ ìpínlẹ̀ mìíràn nítorí pé àyè wà níbẹ̀. Ẹlòmíràn jókòó ṣe WAEC fún un. Ọmọ tó fi irọ́ wọlé báyìí ni a ń fẹ́ kó sọ òótọ́ fún ọ̀gá rẹ̀ nígbà tó bá wo ojú ẹ̀rọ tó sì rí èrò tó péjọ lálẹ́: ṣé agbébọn ni wọ́n, àbí àwọn tó ń ṣe Máólúdì? N kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni ti Tudun Biri ṣe ṣẹlẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé iṣẹ́ tí ẹ̀mí èèyàn rọ̀ mọ́ kò ṣeé gbé lé ẹni tí irọ́ ti mọ́ lára.

Ẹ̀kẹta ni lẹ́tà àwọn alágbára. Òfin ní kí wọ́n pín àyè fún ìpínlẹ̀ kí gbogbo ẹ̀yà lè rí ara wọn nínú iṣẹ́ ológun. Ète rere ni. Ṣùgbọ́n bí àyè náà bá di ohun tí olóṣèlú ń pín fún àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, ọmọ tálákà tó sáré jù, tó mọ̀wé jù, á padà sílé. Ohun tí Samurah rí gbà lọ́jọ́ Uhud, ìyẹn àǹfààní láti jà kí wọ́n wò ó, ni wọ́n fi du ọmọ náà.

Ẹ̀kẹrin ni ẹ̀rí tí a ń jẹ́. Iṣẹ́ ológun máa ń béèrè onídùúró. Àwa àáfáà náà máa ń fọwọ́ síwèé. Bí a bá fọwọ́ sí i fún ọmọ tí a mọ̀ pé ó ń mu igbó tàbí tó ń ṣe ẹgbẹ́ òkùnkùn, nítorí pé bàbá rẹ̀ ń ṣe sàráà ní mọ́sálásí, ẹ̀rí èké ni a jẹ́. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀ huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru.

GBÈSÈ TÍ ÌJỌBA JẸ SÓJÀ

Kò dára ká di gbogbo ẹrù lé ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́ lórí. Ní oṣù Kẹsàn-án 2014, kóòtù ológun dájọ́ ikú fún sójà 12 lórí ẹ̀sùn ọ̀tẹ̀ ní Maiduguri. Ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn, wọ́n tún dá a fún 54 tí wọ́n ní wọ́n kọ̀ láti lọ bá Boko Haram jà. Àwọn sójà náà sọ pé kò sí ohun ìjà tó tó lọ́wọ́ àwọn. Ọdún kan lẹ́yìn náà, wọ́n yí ìdájọ́ ikú àwọn 66 náà padà sí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá. Ní àkókò kan náà ni ìjọba tuntun gbé àwọn aláṣẹ àná lọ sí kóòtù lórí ẹ̀sùn pé owó tó yẹ kí wọ́n fi ra ohun ìjà ti gba ibòmíràn lọ.

Bí a bá fi ọmọ tó lágbára tó sì ṣeé fọkàn tán sójú ogun láìsí ọta, a ti ba àmánà tiwa jẹ́. Sayyidunā Umar, nígbà ìjọba rẹ̀, dá ìwé àkọsílẹ̀ tí à ń pè ní dīwān sílẹ̀, níbi tí wọ́n kọ orúkọ àwọn ọmọ ogun àti ìdílé wọn sí, tí owó wọn sì ń tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́ láti àpò ìlú. Ó mọ̀ pé ebi àti ìbọn kò gbọ́dọ̀ pàdé lọ́wọ́ ẹnì kan. Owó oṣù tó tó jẹun, bárékè tó ṣeé gbé, ìtọ́jú ẹni tó fara gbọgbẹ́, owó opó àti ọmọ òrukàn tí wọn kò fi wọ́n wọ́lẹ̀ lórí rẹ̀: ara ohun tó ń mú kí ọmọlúwàbí fẹ́ wọ iṣẹ́ sójà nìyí. Bí kò bá sí wọn, ẹni tí kò ríṣẹ́ mìíràn ṣe nìkan ni yóò máa wá.

BÍ ÀṢÌṢE BÁ ṢẸLẸ̀

Ogun kò lè ṣe kó má ní àṣìṣe. Ohun tí a bá ṣe lẹ́yìn rẹ̀ ló ń sọ bóyá ìgbẹ́kẹ̀lé yóò padà. Lẹ́yìn tí wọ́n ṣẹ́gun Mẹ́kà, Ànábì rán Khālid ọmọ Walīd sí ìran Banū Jadhīmah. Àwọn èèyàn náà fẹ́ sọ pé àwọn ti gba Ìsìláàmù, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí wọ́n lò kò yé Khālid, ó sì pa nínú wọn. Nígbà tí Ànábì gbọ́, ó gbé ọwọ́ sókè sí Ọlọ́hun, ó ní òun yọ ara òun nínú ohun tí Khālid ṣe. Bukhārī ló gbà á wá. Àwọn onítàn fi kún un pé ó rán Alī lọ pẹ̀lú owó. Alī san owó ẹ̀mí fún gbogbo ẹni tó kú, ó san owó dúkìá tó bàjẹ́, títí dórí igbá tí ajá ń fi mumi. Nígbà tí owó ṣẹ́ kù lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi í sílẹ̀ fún wọn, bóyá ohun kan wà tí wọn kò rántí.

Ẹ jẹ́ ká gbé èyí sí ẹ̀gbẹ́ Tudun Biri. Ọ̀gá ológun gbà pé àwọn ló ṣe é, ó sì lọ sí abúlé náà. Ó dára, ó sì sàn ju irọ́ lọ. Ìjọba ṣèlérí àtúnṣe. Ní oṣù Kẹrin 2024, iléeṣẹ́ ológun kéde pé òṣìṣẹ́ wọn méjì yóò lọ kóòtù ológun. Ohun tó yẹ kí ará ìlú máa béèrè títí dòpin ni ohun mẹ́ta tó wà nínú ìtàn Khālid: gbígba ẹ̀bi ní gbangba, owó ẹ̀mí tó dé ọwọ́ ẹni tó ni ín, àti ìwádìí tí gbogbo èèyàn gbọ́ àbájáde rẹ̀. Khālid kò fi iṣẹ́ ogun sílẹ̀, ó ṣì jà fún Ìsìláàmù lẹ́yìn náà. Bíbéèrè fún ìjíhìn kì í ṣe ọ̀tá sójà. Ó ń fọ aṣọ rẹ̀ mọ́ fún un ni.

OHUN TÍ ÒBÍ ÀTI ILÉÉKÉWÚ LÈ ṢE

Bí ọmọ bá sọ pé sójà lòun fẹ́ ṣe, ẹ má lé e, ẹ má sì tì í. Dídáàbò bo ẹ̀mí jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ohun tí sharī‘ah wá ṣọ́. Ẹni tó bá wọ iṣẹ́ náà pẹ̀lú èrò rere, tó sì pa òfin Ọlọ́hun mọ́ níbẹ̀, iṣẹ́ ẹ̀san ló ń ṣe. Ẹ kọ́kọ́ bi í ní ìdí tó fi fẹ́ ẹ. Bó bá jẹ́ pé kí àwọn èèyàn lè máa bẹ̀rù rẹ̀ ládùúgbò ni, kò tíì yẹ. Bó bá jẹ́ pé iṣẹ́ mìíràn kò sí nìkan ni, ẹ jẹ́ kó ronú sí i.

Ẹ jẹ́ kí ọmọ iléékéwú ṣe WAEC tàbí NECO pẹ̀lú kéwú rẹ̀. Ọmọ tó há ìdá ọgbọ̀n Àlùkùránì sórí ṣùgbọ́n tí kò ní ìwé ẹ̀rí mẹ́rin kò lè dé ẹnu ọ̀nà náà rárá, àwọn tí kò mọ ohun tí àmánà jẹ́ ni yóò sì gba àyè rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó máa ṣeré ìdárayá. Ẹ ṣọ́ ọ lọ́wọ́ oògùn olóró. Ẹ gba ìwé ọjọ́ orí rẹ̀ láti kékeré kó má baà sí ìdí fún ìwé ìbúra èké. Orí ìkànnì iléeṣẹ́ ológun fúnra rẹ̀ ni kó ti forúkọ sílẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí ẹ mú owó wá, ẹ yà fún un.

Bí wọ́n bá gbà á, ẹ jókòó tì í kó tó lọ. Ẹ sọ fún un pé Sayyidunā Abū Bakr, nígbà tó ń rán ọmọ ogun lọ sí Ṣáámù, kìlọ̀ fún olórí wọn pé wọn kò gbọ́dọ̀ pa obìnrin, ọmọdé tàbí arúgbó, wọn kò sì gbọ́dọ̀ gé igi eléso lulẹ̀. Imām Mālik ló gbà á wá nínú Muwatta’. Ẹ sọ fún un pé ìbúra tó fẹ́ ṣe, Ọlọ́hun ni yóò fi ṣe ẹlẹ́rìí. Ẹ sì sọ fún un pé bí ọ̀gá bá pàṣẹ kí wọ́n pa aláìṣẹ̀, kò sí ìtẹ̀lé àṣẹ ẹ̀dá nínú ìyapa àṣẹ Ẹlẹ́dàá.

Bí wọn kò bá gbà á, tó jẹ́ pé òótọ́ ló fi ṣe é, ẹ má jẹ́ kó rò pé òun ló gọ̀ nítorí pé ẹni tó sanwó wọlé. Ẹ kí i kú iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ìlú ló ṣì ń wá alágbára tó ṣeé fọkàn tán.

Àwọn Yorùbá ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹ̀ṣọ́ tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ ni ohun ọ̀ṣọ́, ṣùgbọ́n ti ẹ̀ṣọ́ tó ń ṣọ́ ìlú náà kò yàtọ̀. Sójà tí yóò dúró lójú ọ̀nà Kàdúná lọ́dún mẹ́wàá sí i wà nílé wa lónìí, ó ń ka Jùsù ‘Amma, ó ń wo bí a ṣe ń ṣe é. Bó bá rí wa tí a ń san rìbá, ó ti kọ́ ẹ̀kọ́ sójà rẹ̀ àkọ́kọ́ nìyẹn.

Kí Ọlọ́hun ṣàánú àwọn òkú Tudun Biri, Rann àti Òkè-Afá. Kí Ó ṣàánú àwọn sójà tó fi ẹ̀mí wọn ṣọ́ wa. Kí Ó fún wa ní àwọn ọmọ tó lágbára, tó sì ṣeé fọkàn tán. Āmīn.